Ta lẹ mọ̀ tó lè tún mítà Ìjàpá ṣe láì ba ojú rẹ̀ jẹ́?

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ìjàpá bàbá mi, Volkswagen 1300 tí wọ́n tò ní Èkó ní ọdún 1976, ti kúrò lọ́wọ́ apanẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bó ṣe yẹ. Dáṣíbọọ̀dù ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa Ìjàpá mọ̀ pé ojú aago kan ṣoṣo ló ní. Mítà eré ló gba gbogbo ojú náà, géèjì epo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn iná kéékèèké sì tò sínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe é nìyí. Bí mo bá ń rọra lọ, abẹ́rẹ́ eré á máa gbọ̀n, mítà á sì máa han tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ á fi máa bi mí pé kí ló ń dún. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á fò dé 100, á tún já wá sí 40. Nọ́ńbà tó ń ka kìlómítà kò yí mọ́ rárá. Géèjì epo náà ti sùn sórí òfo láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ pẹ́ńtà, epo sì kún táńkì.

Gíláàsì iwájú rẹ̀ ti ṣú, àmọ́ ojú mítà fúnra rẹ̀, nọ́ńbà funfun lórí dúdú, ṣì mọ́ rekete. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un kùn. Rewáyà kan sọ pé òun á yọ gbogbo rẹ̀ dànù, òun á fi ti ìgbàlódé tó ń tan nọ́ńbà síbẹ̀. Mi ò gbà fún un. Ta lẹ mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú? Àbí kí n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun?

Píjó 504 Abẹ́òkúta

Àbúrò, má tíì wá ẹnikẹ́ni. Kébù ni. Píjó mi, ti Kàdúná, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ abẹ́ ọkọ̀, wá ibi tí kébù mítà ti wọnú gíábọ́ọ̀sì, tú u, fa okùn irin inú rẹ̀ jáde, nù ún, fi gíríìsì ra á látòkè délẹ̀, kó o dá a padà. Owó gíríìsì nìkan ni mo ná.

Bàbá Oníjàpá

Píjó, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ti Píjó ni. Gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá wà lẹ́yìn, kò sì sí kébù mítà kankan lára rẹ̀. Láti taya òsì iwájú ni kébù mítà rẹ̀ ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì òde òní ni kò mọ̀, wọ́n á wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Bódìjà, lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú taya òsì yẹn. Ìdérí onírin kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tó bo gíríìsì bíárìn. Wàá rí ihò onígun mẹ́rin láàárín ìdérí náà, orí kébù, tóun náà jẹ́ onígun mẹ́rin, á yọ sí ọ níbẹ̀, kílíìpù tíńtín kan ló sì dì í mú. Bí taya bá ti ń yí, ìdérí yẹn ń yí, òun ló sì ń yí kébù. Ohun tí mo sábà máa ń bá níbẹ̀ ni pé kílíìpù ti já sọnù, tàbí kí ihò náà ti jẹ, kó ti di róbótó, kí orí kébù máa yọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá di mú díẹ̀, tó tún yọ̀, abẹ́rẹ́ ò lè dúró sójú kan. Ìdérí tuntun àti kílíìpù ló máa wo ìyẹn sàn, mítà ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, wo bí kébù ṣe gbà kọjá lábẹ́ búútù iwájú dé ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù. Bí apanẹ́ẹ̀lì bá ti ká a níbì kan, tó ṣẹ́ ọrùn rẹ̀, á máa fa abẹ́rẹ́ gbọ̀n títí ayé.

Ọ̀rọ̀ gíríìsì látòkè délẹ̀ yẹn, ẹ má ṣe é. Apá ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi gíríìsì sí, kó má sì pọ̀. Apá òkè, níbi tó ti fẹ́ wọnú mítà, ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Kébù tó ń yí máa ń gbé gíríìsì gòkè fúnra rẹ̀. Bó bá fi lè wọnú mítà, á lẹ̀ mọ́ àwọn ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, á sì yọ sójú nọ́ńbà. Ìgbà yẹn lẹ máa wá nílò oníṣẹ́ lóòótọ́.

Píjó 504 Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ taya yẹn ò dé etí mi rí. Lórí gíríìsì, ti èmi ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín ti yé mi.

Rewáyà Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti géèjì epo, iṣẹ́ mi nìyẹn. Kò ṣòro láti mọ̀ bóyá ó ti kú. Yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, fi iná bátìrì kàn án tààrà. Bó bá dìde, ó wà láàyè. Bí ò bá dìde, ẹ ra òmíràn.

Ẹnjiníà Akọkà

Ẹ̀gbọ́n Rewáyà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìyẹn sí géèjì Ìjàpá tó jáde láti 1968 síwájú. Géèjì yẹn kì í jẹ gbogbo volt 12 bátìrì. Nǹkan kékeré kan wà lẹ́yìn mítà tó ń já iná, tó tún ń so ó pọ̀ lemọ́lemọ́, kí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ géèjì lè dín, kó sì dúró sójú kan bí bátìrì bá tilẹ̀ ń lọ sókè sódò. Inú géèjì fúnra rẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wé mọ́ irin pẹlẹbẹ. Wáyà á gbóná, irin á tẹ̀, abẹ́rẹ́ á dìde. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọra gòkè bẹ́ ẹ bá ṣí iná ọkọ̀. Ẹni tó bá fi volt 12 kàn án tààrà lè jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, géèjì tó wà láàyè á sì kú lójú rẹ̀.

Ọ̀nà tó dáa nìyí. Ẹ ṣí búútù iwájú, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lórí táńkì, ẹ máa rí ìdérí róbótó tí síkúrù tò yí ká, tí wáyà wà lórí rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ohun tó ń léfòó sórí epo wà, òun ló ń ròyìn fún géèjì. Ẹ rí i dájú pé epo ò jò, kó má sì sí òórùn epo, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá níbẹ̀. Pẹ̀lú iná ọkọ̀ ní pípa, ẹ yọ wáyà géèjì kúrò lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà mìíràn so ó mọ́ irin ara ọkọ̀ tí kò ní ọ̀dà, níbi tó jìnnà sí táńkì. Ẹ wá ṣí iná ọkọ̀, kẹ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá rọra gòkè lọ sí ibi tó kún, kò sóhun tó ṣe géèjì. Ẹ pa iná náà kíá. Bó bá gòkè, ìdààmú wà láàárín táńkì àti éètì, ìyẹn wáyà tó so táńkì mọ́ irin ara ọkọ̀.

Èyí tí mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yín nìyí: ẹ ní ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ni géèjì ti sùn. Bí éètì bá já, orí òfo ni géèjì Ìjàpá máa ń sùn sí. Bí wáyà rẹ̀ bá bó, tó kan ara ọkọ̀, orí kíkún ló máa ń dúró sí. Ẹ wo wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ tó so ìdérí táńkì mọ́ ara ọkọ̀. Pẹ́ńtà lè ti fi ọ̀dà bo ibi tó ti yẹ kó kan irin.

Bẹ́ ẹ bá ní tẹ́sítà, ẹ lè fi wọn èyí tó wà nínú táńkì náà. Bó bá ṣófo, nǹkan bíi ohm 70 (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà) ló máa kà. Bó bá kún, á sún mọ́ 10. Bó bá ń fò láàárín méjèèjì nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé apá rẹ̀, ìdọ̀tí ló wà lára wáyà inú rẹ̀.

Rewáyà Mọ́kọ́lá

Ẹnjiníà, mo gbọ́. Lára ọkọ̀ tuntun ni mo ti ń lo ti tèmi, wọn ò jọra. Mo fara mọ́ éètì yẹn. Kó fi pépà fọ ibẹ̀ títí irin fúnfun á fi yọ, kó tó di í padà.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á bù kún yín. Éètì ni! Síkúrù tó di wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn mú, ọ̀dà aláwọ̀ ẹyin ni mo bá lábẹ́ rẹ̀ pátápátá. Mo fi pépà fọ ọ́, mo dì í padà, géèjì dìde jẹ́ẹ́, ó lọ dúró níbi tí epo kún dé.

Ihò ìdérí taya náà ti di róbótó bí bàbá ṣe sọ. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kílíìpù, mo sì fọ kébù. Abẹ́rẹ́ ò fò mọ́. Àmọ́ ó ṣì ń han, àti pé nọ́ńbà kìlómítà ò tíì yí. Nítorí náà ìbéèrè mi ṣì wà níbẹ̀: ta ló máa ṣí i?

Ọlọ́jà Ládípọ̀

Kí lẹ ń wá oníṣẹ́ sí? Títí di 2003 ni wọ́n ń ṣe Ìjàpá ní Mẹ́síkò, Brazil náà ṣe é títí di 1996. Mítà rẹ̀ ò tíì tán láyé. Ẹ ra tòkunbọ̀ tó mọ́, ẹ fi sí i, ẹ máa lọ. Owó tẹ́ ẹ máa fún oníṣẹ́ lè ju ìyẹn lọ, kò sì ní fún yín ní ìdánilójú kankan.

Bàbá Oníjàpá

Ọlọ́jà, má jẹ́ kó kánjú rà. Kó kọ́kọ́ wo ojú mítà rẹ̀, wọ́n tẹ lẹ́tà W kékeré síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí kébù máa yí bí ọkọ̀ bá rin mítà kan lórí ilẹ̀. Bí W ti tòkunbọ̀ bá yàtọ̀ sí tirẹ̀, á máa purọ́ eré fún un lójoojúmọ́, nọ́ńbà kìlómítà náà á sì máa purọ́. Géèjì epo inú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bá ohun inú táńkì mu.

Bákan náà, àwọn Ìjàpá tó wọ ìlú yìí ṣáájú 2 April 1972, nígbà tí a ṣì ń wakọ̀ lápá òsì, máìlì ló wà lójú ọ̀pọ̀ wọn. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ki mítà oníkìlómítà sí, tí onítọ̀hún ń ra irú èyí tó ti wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ padà ní owó gegere. Èyí tó wà lára ọkọ̀ bàbá ẹni dára ju èyí tí a ò mọ ibi tó ti wá.

Àbíkẹ́ Aláago

Ẹ kú ìjíròrò. Òṣogbo ni mo wà, aago ni mò ń tún ṣe, iṣẹ́ tí bàbá mi kọ́ mi ni. Mítà ọkọ̀ àtijọ́ ti dé orí tábìlì mi rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ irú ọwọ́ tó yẹ kó kàn án.

Kébù ń yí òòfà kan. Òòfà yẹn ń yí nínú abọ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn ò kanra, àmọ́ bó ṣe ń yí, ó ń wọ́ abọ́ náà tẹ̀ lé e. Ara abọ́ ni abẹ́rẹ́ wà. Síríǹgì tó tín-ín-rín bí irun ló ń fà á padà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, òòfà á fà jù, abẹ́rẹ́ á gòkè. Bó bá dúró, síríǹgì á dá a padà sí òfo. Irú síríǹgì yìí gan-an ló wà nínú aago ọwọ́. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan aago rí á tẹ̀ ẹ́ ní kíá, kò sì ní mọ̀ pé òun ti tẹ̀ ẹ́.

Híhan tó ń han, bí kébù bá ti dáa, ibi tí ọ̀pá òòfà ti wọnú ilé rẹ̀ ló gbẹ. Òróró aago ló ń fẹ́ níbẹ̀, ẹ̀kán kan. Ẹni tó bá fọ́n òróró alágolo sínú rẹ̀ ti ba ojú nọ́ńbà jẹ́ nìyẹn. Nọ́ńbà tí kò yí, nígbà tí abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé kébù ń dé inú. Jíà kékeré kan ló ti jẹ, tàbí gíríìsì àtijọ́ ló ti gan mọ́ ọn.

Ṣíṣí i gan-an ló le. Wọ́n tẹ ẹnu irin róbótó iwájú rẹ̀ mọ́ ara ilé ni, kò sí síkúrù. A máa ń fi irin tí ẹnu rẹ̀ kò mú gbé etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí ká. Ẹni tó bá gbé ibì kan sókè ní àgbéṣán, irin yẹn ti wọ́, kò ní bò mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá máa kúrò lójú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e fo irin kékeré tó ń dá a dúró sí òfo, ẹ jẹ́ kó rọra balẹ̀ síbi tí síríǹgì fúnra rẹ̀ fẹ́ kó wà, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì síbẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ sàmì sí yẹn lẹ máa dá a padà sí. Oníṣẹ́ tí kò bá ṣe èyí, gbogbo eré tí mítà yẹn bá kà lẹ́yìn náà, àbá ni.

Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ tútù tàbí ọṣẹ nu ojú nọ́ńbà. Funfun yẹn máa ń ká bí ẹ̀yìn ìka bá ti kàn án pẹ̀lú omi. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ ti tó.

Ibi tẹ́ ẹ máa wá oníṣẹ́ dé, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ lọ bá rewáyà. Ẹ lọ bá àwọn àgbà aláago tó ń tún aago ògiri onísíríǹgì ṣe. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe ní yàrá ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń gba iṣẹ́ nílé.

Ọlọ́jà Ládípọ̀

Ìyá Aago, mo kí yín. Aláago mélòó ló kù tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Foonù ni gbogbo èèyàn fi ń wo àsìkò báyìí.

Àbíkẹ́ Aláago

Wọn ò pọ̀ mọ́, òótọ́ ni. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ bi í bó ṣe máa yọ abẹ́rẹ́. Ẹ ní kó fi èyí tó ti ṣe rí hàn yín, kó má jẹ́ fọ́tò nìkan. Ẹ bi í ohun tó máa fi dán eré wò lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tó bá ní òun á wà á yí àdúgbò ká, kò tó. Ó yẹ kó ní ohun tó máa yí i ní ìwọ̀n eré tó mọ̀, kó wò ó ní 40, 60, 80, 100. Bó bá ń kà kéré káàkiri, òòfà ti rẹ̀. Bó bá ń kà ju bó ṣe yẹ lọ, síríǹgì ló dẹ̀.

Tọ́lá Peckham

Mo fẹ́ sọ ti òkè òkun. Ní ìlú ọba níbí, iṣẹ́ yìí ṣì wà gan-an nítorí àwọn ọkọ̀ MG àti Morris Minor àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú, mítà tí ilé-iṣẹ́ Smiths ṣe ló pọ̀ lára wọn, àmọ́ wọ́n máa ń gba mítà VDO ti Volkswagen náà. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi kan fi ti Mercedes rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, ó padà wá bíi tuntun, òòfà rẹ̀ ni wọ́n sọ jí.

Àmọ́ kò rọrùn. Ìlà á pẹ́. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn mítà, wọ́n máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀, kí ti ẹlòmíràn má bàa padà wá bá yín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù pé ohun tó ń lọ fún àtúnṣe ni, tó máa padà. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn aṣọ́bodè lè gba owó ọjà tuntun lọ́wọ́ yín nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ fi fóòmù tì í yí ká, kẹ́ ẹ sì fi lílọ́ǹ dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ tí kébù ń gbà wọlé, kí ìdọ̀tí má wọlé lọ́nà.

Ohun kan tún wà fún àwọn tí ọkọ̀ wọn ti dàgbà gan-an, ti 1950 sẹ́yìn. Ọ̀dà tó ń tàn lóru lójú àwọn géèjì kan nígbà náà ní rédíọ̀mù nínú. Ẹ má ha á, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ sínú. Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe ni kó fọwọ́ kàn án. Ti Ìjàpá 1976 ò sí nínú ìyẹn.

Ọmọ Bódìjà

Ìyá Aago, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti rí bàbá aláago kan ní Dùgbẹ̀, mo bi í bó ṣe máa yọ abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ àmì yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé e lọ. Ìbéèrè kan ló kù: ó ní bí òun bá ti ṣí i, òun lè yí nọ́ńbà kìlómítà padà sí òfo bí mo bá fẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Ṣé kí n gbà?

Píjó 504 Abẹ́òkúta

Gbà á. Ọkọ̀ ti di tuntun, jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látorí òfo.

Bàbá Oníjàpá

Mi ò fara mọ́ ọn. Ibi tó dúró sí ni kó ti máa lọ. Bàbá rẹ ló wakọ̀ dé ibẹ̀.

Akin Houston

Bàbá sọ ohun tó tọ́. Níbí ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ti 1972 ka yíyí nọ́ńbà mítà padà láti tan ẹni tó ń ra ọkọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí àtúnṣe bá gba pé kó padà sí òfo lóòótọ́, wọ́n ní kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ férémù ilẹ̀kùn òsì, kí wọ́n kọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe síbẹ̀.

Ọkọ̀ yín ò sí níbí, òfin yẹn ò kàn yín, àmọ́ àṣà náà dára. Nọ́ńbà Ìjàpá ò ju márùn-ún lọ, ó ṣeé ṣe kó ti yí ká padà sí òfo rí láyé bàbá yín, nítorí náà iye tó wà lójú rẹ̀ lè má jẹ́ gbogbo ìrìn rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí bàbá aláago tó ṣí i. Ẹ ní kó fi sílẹ̀ bó ṣe bá a. Àwọn kìlómítà tó ti rìn láti ìgbà tí nọ́ńbà ti dúró, ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí mítà wọlé padà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà.